Olùwádìí àti Ìpìlẹ̀ Oǹkà

   Ọ̀rọ̀ oǹkà ni mo gbé wá bá yín. Mo mọ̀ pé bí ẹlòmíràn bá ti gbọ́ pé ìṣirò ni, á fẹ́ na ọwọ́ sí rédíò kí ó pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan omi tí a ń mu, ó kan ilé-ìwé tí àwọn ọmọ wa ń lọ, ó sì kan oògùn tí a ń gbà ní ọsibítù.

Ní ọdún 2006, a ka iye ènìyàn tó wà ní Nàìjíríà. Àjọ ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé ènìyàn 684,105 ni ó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, níbi tí Ajégúnlẹ̀ wà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ ní ọdún yẹn, ó ní 1,435,295 ni. Ní Àpápá tó múlé ti Ajégúnlẹ̀, àjọ ìkànìyàn rí 217,362. Ìpínlẹ̀ Èkó rí 522,384. Àdúgbò kan náà ni o, ọdún kan náà sì ni, ṣùgbọ́n oǹkà kan ju ìlọ́po méjì èkejì lọ.

Ẹ rò ó wò. Bí a bá fẹ́ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sí Ajégúnlẹ̀, mélòó ni kí á kọ́? Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá dé Èkó, mélòó ni kí á gbé lọ sí Àpápá? Bí a bá gba oǹkà kékeré gbọ́, tí ó sì jẹ́ pé ńlá ni òótọ́, ó ju ìdajì àwọn ọmọ lọ tí kò ní rí abẹ́rẹ́ gbà. Bí a bá gba ńlá gbọ́, tí ó sì jẹ́ pé kékeré ni òótọ́, ohun tó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn á bàjẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí á kàn pín ìyàtọ̀ wọn sí méjì kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Oǹkà kẹta tí ẹnikẹ́ni kò kà ni ó fi kún un.

Ta ni yóò wá là wá níjà? Ìmọ̀ kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní statistics. Ní èdè tiwa, mo lè pè é ní ìmọ̀ ìkójọ àti ìtumọ̀ oǹkà. Àwọn ìyá wa ti ń lò ó kí ìwé tó dé. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ ìnáwó kì í mu odindi ìkòkò kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ṣíbí kan péré ni ó fi ń tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n kí ó tó bù ú, ó ti rò ó dé ìsàlẹ̀. Bákan náà, ẹni tó fẹ́ ra àpò gàrí kì í wo ẹnu àpò nìkan. Á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu àpò ni a máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sí. Ní Àpápá, níbi tí ilé iṣẹ́ Flour Mills ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní ọdún 1962, kò sí ẹni tó lè yẹ hóró ọkà inú ọkọ̀ òkun wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkà náà ti rí ní láti bu díẹ̀ lókè, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ nísàlẹ̀. Láti ara díẹ̀ ni a ti ń mọ púpọ̀. Ìdí gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: báwo ni a ṣe lè bu díẹ̀ tí kò ní tàn wá jẹ, báwo ni a sì ṣe lè mọ bí ìtànjẹ rẹ̀ ti lè pọ̀ tó?

Ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lọ ni olùwádìí tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń kọ iye ọmọ tó ní ibà sílẹ̀, tàbí olùkọ́ tó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ fi ń sá ní ilé-ìwé, tàbí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń wọn àgbàdo. Iṣẹ́ ti wọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tí oǹkà bá kún ìwé rẹ̀, á tọ ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ, á ní, "Ẹ bá mi ṣe é." Tàbí kí ó kó o sínú kọ̀ǹpútà kí ó sì tẹ bọ́tìnì kan. Èsì á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí èsì náà ń wí. Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, ẹ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí. Àbàtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà sì ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ìpìlẹ̀ ni onílé fi ń kọ̀ fún àgbàrá. Ìṣirò tí a há sórí láìmọ ìdí rẹ̀ kò ní ìpìlẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ògiri á sán.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa gbẹ́ ìpìlẹ̀ kékeré kan. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù. Ká ní òṣìṣẹ́ ìlera kan fẹ́ mọ iye kẹ́ẹ̀gì omi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Ajégúnlẹ̀ ń rà lójúmọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọmọlanke ta omi. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Èmi ni mo yan iye wọ̀nyí kí wọ́n lè rọrùn. Ní òpópónà kìíní, ó bi ìdílé márùn-ún, wọ́n ní 7, 8, 8, 8, 9. Ní òpópónà kejì, ìdílé márùn-ún mìíràn ní 2, 4, 8, 10, 16. Ẹ ro wọ́n pọ̀. Òpópónà méjèèjì jẹ́ 40. Bí a bá pín 40 sí ọ̀nà márùn-ún, 8 ni yóò kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí á pe èyí ní ìpín-dọ́gba.

Ṣé òpópónà méjèèjì wá rí bákan náà? Rárá o. Bí a bá gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ-mẹ́jọ fún wọn, gbogbo ará òpópónà kìíní ni inú wọn á dùn. Ní òpópónà kejì, omi á ṣẹ́kù sílẹ̀ ní ilé kan, òùngbẹ á sì máa gbẹ ilé mìíràn. Nítorí náà, lẹ́yìn ìpín-dọ́gba, ó yẹ kí á tún mọ ìfọ́nká, ìyẹn ni bí àwọn iye náà ti jìnnà sí àárín wọn tó.

Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ rí èyí bí ohun àjèjì. Àdín àti àlé ni a fi ń ka owó àti ọjọ́ orí. Nígbà tí a bá ní márùndínlógún, ogún ni a dúró sí tí a fi ń wo ohun tó dín. Ẹ jẹ́ kí á dúró sí 8 báyìí. Ìdílé kìíní ní òpópónà kejì fi 6 dín, èkejì fi 4 dín, ẹ̀kẹta kò dín kò lé, ẹ̀kẹrin fi 2 lé, ìkarùn-ún fi 8 lé. Bí a bá ro àdínkù pọ̀, 10 ni. Àlékún náà, 10 ni. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. Yóò sì máa rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo tí a bá dúró sí ìpín-dọ́gba. Kí wọ́n má bàa pa ara wọn rẹ́, a ó sọ iye kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, òdo, 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4, 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 120.

Ìdílé márùn-ún ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò ní kí á fi 4 pín 120, kí ó jẹ́ 30. Kí ló dé? Ibí yìí ni àwọn tó há a sórí ti máa ń dákẹ́. Ẹ fi ọwọ́ bo ìdílé ìkarùn-ún. Bí mo bá sọ fún yín pé ẹni kìíní fi 6 dín, ẹni kejì fi 4 dín, ẹ̀kẹta wà lójú kan, ẹ̀kẹrin sì fi 2 lé, ṣé ẹ nílò kí n sọ ìkarùn-ún? Ẹ kò nílò rẹ̀. Ó di dandan kí ó fi 8 lé, kí àdín àti àlé lè pa ara wọn rẹ́. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni ó sọ tẹnu wọn. Ìkarùn-ún kàn ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi pín in sí mẹ́rin. Iye tí a bá fi ara rẹ̀ pọ̀ tí yóò fún wa ní 30 jẹ́ nǹkan bí 5 àti ààbọ̀. Ìyẹn ni ìfọ́nká òpópónà kejì. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún òpópónà kìíní, ẹ ó rí i pé kò tó kẹ́ẹ̀gì kan.

Ó ku ohun kan. Ìdílé márùn-ún ni a bi. Ìdílé tí a kò bi pọ̀ bí yanrìn. Ṣé orí ire kọ́ ni ó mú wa bá àwọn tí a bá pàdé? Ẹ mú owó ẹyọ mẹ́rin. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Ẹyọ kan ní ọ̀nà méjì, ẹyọ méjì ní ọ̀nà mẹ́rin, ẹyọ mẹ́ta ní mẹ́jọ, ẹyọ mẹ́rin ní 16. Àwọn baba wa ti mọ ìṣirò yìí tipẹ́. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dé. Bí a bá sọ méjì di ìlọ́po méjì títí yóò fi kan ojú kẹjọ, 256 ni yóò jẹ́, iye Odù Ifá náà sì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ ni mo ń sọ o. Ìṣirò ni mo ń tọ́ka sí.

Kí wá ni owó ẹyọ ní í ṣe pẹ̀lú omi Ajégúnlẹ̀? Ká ní ìdajì àwọn ìdílé ń ra omi púpọ̀, ìdajì yòókù ń ra díẹ̀. Bí a bá di ojú mú ìdílé mẹ́rin, ó lè ṣẹlẹ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ arapúpọ̀, bí ìgbà tí ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí papọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 16 ni ìyẹn. Bí a bá mú ìdílé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024 ni. Ẹ ò rí i pé díẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ, àti pé ìtànjẹ náà fúnra rẹ̀ ṣe é ṣírò?

Ọkùnrin kan wà tí ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí ó sùn. William Sealy Gosset ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1876, ó kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì àti ìṣirò ní Oxford, ó sì gba iṣẹ́ ní ilé ọtí Guinness ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ní 1899. Ọtí dúdú kíkorò yẹn náà ni àwọn ará Èkó mọ̀. Iṣẹ́ Gosset ni láti mọ irú ọkà bálì tó dára fún ọtí. Ṣùgbọ́n oko tí ó lè fi dán an wò kò pọ̀. Nígbà mìíràn, oǹkà mẹ́rin péré ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìwé ìgbà náà sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kẹ́ àìmọye oǹkà ni olúkúlùkù ní. Gosset kò dúró sórí àìmọ̀. Ní 1906, nígbà tó ti lo ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sí London láti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Karl Pearson.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó rí àkọsílẹ̀ gíga àti ìka ọwọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n 3,000. Ó kọ wọ́n sórí pépà líle 3,000, ó pò wọ́n pọ̀ dáadáa, ó sì fà wọ́n yọ ní mẹ́rin-mẹ́rin títí wọ́n fi di ọ̀wọ́ 750. Ó ṣírò ìpín-dọ́gba àti ìfọ́nká ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ó fi ojú rí bí mẹ́rin ti í tanni tó. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1908, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. "Student" ni ó pe ara rẹ̀, ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ni Ronald Fisher, ẹni tí ìṣirò rẹ̀ jinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, fi ẹ̀rí kíkún gbè é lẹ́sẹ̀ ní 1915. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọsibítù àti oko ìwádìí ní àgbáyé ni ó ń lo iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ọtí yìí.

Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni. James Nwoye Adichie, ọmọ ilẹ̀ Ìgbò tó kàwé ní Ìbàdàn, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ yìí ní Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 1966, ó sì padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Nsukka. Òun ni ó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n statistics ní Nàìjíríà. Ó kọ̀wé lórí bí a ti ń fi ipò àwọn iye ṣe ìṣirò dípò iye gan-an. Kí ni èrè ìyẹn? Ẹ padà sí òpópónà kejì wa. Ká ní akọ̀wé ṣèèṣì kọ 160 dípò 16. Ìpín-dọ́gba á fò láti 8 sókè sí 36 ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n ní ipò-ipò, ẹni àárín ṣì ni 8. Irọ́ ẹnìkan kò lè ti ẹni àárín kúrò ní ààyè rẹ̀.

Nígbà mìíràn, púpọ̀ gan-an ni ó máa ń tanni. Ní 1936, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, Literary Digest, gba ìdáhùn tó lé ní mílíọ̀nù méjì lórí ẹni tí yóò di ààrẹ. Wọ́n ní Landon ni. Roosevelt ni ó wọlé, ó sì fi ẹ̀yìn Landon gbálẹ̀. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti mọ́tò ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí. Tálákà kò pọ̀ níbẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí ni ó dáhùn. Wọ́n bu ṣíbí ńlá, ṣùgbọ́n wọn kò ro ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ajégúnlẹ̀ yóò rí bí ẹnìkan bá bi kìkì àwọn tí ilé wọn wà lójú títì ní Boundary, tí kò wọ inú àwọn ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí kò sì bi Ìlàjẹ, Ìjọ, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá tí wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá. Àní bí ó bá bi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn, ẹnu àpò gàrí ni ó ṣì ń wò.

Báwo wá ni òṣìṣẹ́ tí àyè kò gbà ṣe lè kọ́ ìmọ̀ yìí? Mo ní ìmọ̀ràn mẹ́rin. Èkíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé iṣẹ́ tiyín, nítorí ìbéèrè tó ń dùn yín ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í sú yín. Èkejì, ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà yóò bá yín ṣe, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe é pẹ̀lú iye márùn-ún, kí ẹ sì béèrè ìdí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí a ti béèrè ìdí 4 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta, bí ìdí kan bá ṣòro láti fi ìṣirò rí, ẹ ṣe bíi Gosset: ẹ kọ iye sórí pépà, ẹ pò ó, ẹ fà á yọ, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ padà sí ìwé ìṣirò tí ẹ ti pa tì láti ilé-ìwé, kí ẹ máa kà á ní ojú ewé kan lójúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ̀kẹrin, ẹ tọ ẹni tó mọ̀ lọ kí ẹ tó kó oǹkà jọ, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá kó o jọ tán. Ọbẹ̀ tí a kò rò kí a tó bù ú, kò sí oníṣirò tó lè bá wa rò ó nínú ṣíbí.

Ní ti ìkànìyàn 2006, ṣé ẹ ti rí ọ̀nà tó lọ? Láti yẹ irú oǹkà méjì bẹ́ẹ̀ wò, kò di dandan kí á tún ka gbogbo ìlú. A lè fi ìbò mú òpópónà díẹ̀, láti Àpápá títí dé Tolu, kí á tún àwọn nìkan kà láti ilé dé ilé kété tí ìkànìyàn bá parí, ní ìṣojú ìhà méjèèjì, kí á sì fi ohun tí a rí wé ohun tí olúkúlùkù ti kọ sílẹ̀ fún òpópónà náà. Èyí tó bá sún mọ́ òótọ́ á fi ara rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè ṣe é láìní àwọn ènìyàn tó mọ ìdí tí a fi ń di ìbò náà àti bí àṣìṣe rẹ̀ ti lè tó. Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́.

Ajégúnlẹ̀ ni orúkọ àdúgbò náà, ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kí àwọn tó ń pín omi, oògùn àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó lè pín in bó ti tọ́, ó yẹ kí ẹnìkan lè sọ iye ẹni tó ń bẹ níbẹ̀ fún wọn, kí ó sì lè sọ ìdí tí ó fi dá a lójú.